Ìbò kan náà, aṣọ mẹ́ta ló wọlé

Ẹ̀yin èèyàn wa n'Íjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń ka ìbò gan-an ni wọ́n ń ṣèwádìí lé lórí, òun náà ni wọ́n fi ń kọ́ọ̀yàn ní yunifásítì? Ẹ jẹ́ n fi Ojúde Ọba ṣàlàyé ẹ̀.

Ká sọ pé régbérégbé kan n'Íjẹ̀bú-Òde fẹ́ mú aṣọ, èèyàn 15 wá sí mítìn. Àwọn 6 ní léèsì, tí ò bá sí léèsì kó jẹ́ àdìrẹ, sányán ló kẹ́yìn. Àwọn 5 ní sányán, àdìrẹ ló tẹ̀ lé e, wọn ò fẹ́ fojú rí léèsì. Àwọn 4 tó kù ní àdìrẹ, lẹ́yìn ẹ̀ sányán, léèsì kẹ́yìn.

Ó yá, èwo ló wọlé? Tó bá jẹ́ pé èyí tó ní ìbò jù ló mú un, bíi ti sẹ́nétọ̀, léèsì ni, bẹ́ẹ̀ èèyàn 9 ló fi í ṣe ìkẹyìn. Tá a bá ní kí méjì tó wà níwájú tún dù ú bíi ti ìbò ààrẹ Faransé, àdìrẹ já, àwọn 4 yẹn bá lọ sọ́dọ̀ sányán, sányán na léèsì 9 sí 6. Àmọ́ ẹ dúró o, ẹ gbé àdìrẹ kojú léèsì nìkan, 9 sí 6, ó nà án, ẹ gbé e kojú sányán, 10 sí 5, ó tún nà án! Ẹnì kankan ò yí ọkàn padà o. Lójú tèmi, kò yẹ kí mítìn kankan nawọ́ láìjẹ́ pé wọ́n ti fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa kà á.

Condorcet, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, ló kọ̀wé lórí kíkojú ní méjì-méjì yìí lọ́dún 1785.

Ibi tí game theory, ìyẹn ìṣirò nípa béèyàn ṣe ń fọgbọ́n yan ohun tó máa ṣe tó bá ti ro ohun táwọn yòókù máa ṣe, ti wọlé rèé. Ká ní àtúndì ìbò ni wọ́n fẹ́ ṣe, táwọn oníléèsì sì ti gbọ́ pé sányán ló máa borí, tí méjì nínú wọn bá díbọ́n pé àdìrẹ làwọn fẹ́, àdìrẹ di 6, sányán 5, léèsì 4, léèsì já, àdìrẹ wá na sányán. Wọ́n bọ́ lọ́wọ́ sányán nìyẹn. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ará Amẹ́ríkà, Gibbard lọ́dún 1973 àti Satterthwaite lọ́dún 1975, fi ìṣirò hàn pé tí ohun tó lè wọlé bá ti tó mẹ́ta, kò sí bá a ṣe lè ka ìbò tírú ọgbọ́n yìí ò ní ráyè wọ̀ ọ́, àfi tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń mú aṣọ fún gbogbo ẹgbẹ́.