Imí, Ìgbẹ́, Ìgbọ̀nsẹ̀: Èwo Ló Yẹ Níbo?

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ètò ìlera)

Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti ìdí oúnjẹ, mo sì rí i pé àwọn kan ṣì ń jẹ mọ́ínmọ́ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìgbọ̀nsẹ̀ ni Yorùbá tó dáa, pé ìgbẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ dáa, pé imí sì jẹ́ èébú. Èmi kò gbà. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú imí ná. Ohun tó jáde gan-an ni, yálà ti ènìyàn tàbí ti ẹranko: imí ewúrẹ́, imí ẹlẹ́dẹ̀. Kò sí ẹni tí ń fajú ro bí wọ́n bá pe ewé imí eṣú fún un láti fi sí ojú ọgbẹ́, tàbí tí ìyá alágbo bá ní kó lọ ra imí ọjọ́ wá. Àmọ́ ẹ ṣọ́ àmì ohùn o. Ìmí ni à ń mí sínú, imí kọ́. Àwa tí à ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù láìfi àmì sí i, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí a ti sọ síra wa.

Ìgbọ̀nsẹ̀ ní tirẹ̀ kò dárúkọ ohun náà rárá. Bí a bá tú u, “gbọn” àti “ẹsẹ̀” ló hàn nínú rẹ̀. Àwọn Hébérù náà gba ọ̀nà ẹsẹ̀: nínú ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní, orí 24, Sọ́ọ̀lù wọ inú ihò lọ “bo ẹsẹ̀ rẹ̀”. Kò sí ẹni tó kọ́ ẹnìkejì. Ìtìjú kan náà ló gbé àwọn méjèèjì dé ibẹ̀.

Ìgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, òun ni mo sì torí rẹ̀ wá. Òun la fi ń pe àìsàn: ìgbẹ́ gbuuru, ìgbẹ́ ọ̀rìn. Ẹ tún gbọ́ bí Yorùbá ṣe ń sọ ọ́: “Ìgbẹ́ ń gbọ̀n mí.” Ìgbẹ́ ló ń ṣe nǹkan, èmi ló ń ṣe é sí, gẹ́gẹ́ bí ebi ṣe ń pa mí. Èdè wa ò dá ẹni tó ń ṣe lẹ́bi, ẹ̀yin náà ẹ má dá a lẹ́bi lórí bẹ́ẹ̀dì.

Bí ẹ bá bi bàbá àgbàlagbà pé “Ṣé ẹ ti ṣu?”, ẹ ti bú u, bí ẹ tilẹ̀ fi “ẹ” sí i. Ọmọ ọwọ́ àti ẹran ọ̀sìn là ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. “Bàbá, ṣé ẹ ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ lónìí?” ló yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹni tó ní òun ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ kò tíì sọ fún yín bó ṣe rí. Ẹ bi í léèrè: ṣé ìgbẹ́ yẹn le ni àbí ó ṣàn? Ṣé ẹ̀jẹ̀ tàbí ikun wà nínú rẹ̀? Ṣé ó rí bí omi tí a fi fọ ìrẹsì? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sáré, nítorí onígbáméjì lè pa ènìyàn láàárín wákàtí díẹ̀ bí omi ara rẹ̀ bá tán. Àwọn tó sọ ọ́ ní onígbáméjì kò fi ọ̀rọ̀ bò rárá: igbá kan fún èébì, igbá kan fún ìgbẹ́.

Òwe náà kò gba ìgbọ̀nsẹ̀. “Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.” Ẹ fi “ẹni tó ṣe ìgbọ̀nsẹ̀” sí i kí ẹ gbọ́ bó ṣe máa kú.

Arábìnrin kan béèrè nípa “púpú” tí àwọn òbí ìgboro ń kọ́ ọmọ. Mo ní kò burú lẹ́nu ọmọ ọdún méjì. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ń lọ sílé ìwé tí inú ń run gbọ́dọ̀ lè sọ fún ìyá rẹ̀ àgbà pé, “Ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe mí, mà.”