Kí Lẹ Fẹ́ Lọ Kọ́ Gan-an Nínú Fọ́tò Ìpolówó ní Yunifásítì?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ tòní, àwọn tó fẹ́ lọ kàwé gboyè nínú fọ́tò ló kàn. Kì í ṣe fọ́tò ṣáá o, fọ́tò ìpolówó ọjà ni: èyí tó wà lára páálí ọṣẹ, èyí tó wà lórí pátákó ńlá lẹ́bàá ọ̀nà, èyí tí ẹ máa ń wò lórí fóònù kí ẹ tó ra bàtà. Ẹnì kan ló ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹnì kan ló sì bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

Ẹ mọ ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ wọlé: "Ẹ̀gbọ́n, kámẹ́rà wo ni kí n rà kí n tó lọ?" Ṣé ẹ lè fọwọ́ ara yín yí gbogbo nǹkan tó wà lára rẹ̀? Ṣé ó ń tọ́jú fáìlì RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì fúnra rẹ̀ tún ṣe? Ó tó. Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Mi ò sì ní ṣàlàyé ISO níbí, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ fi ń sọ bí fọ́tò ṣe máa mọ́lẹ̀ sí, ẹni tó ti ń ronú yunifásítì ti kọjá ibẹ̀.

Ní ọdún kìíní, ìmọ́lẹ̀ lẹ ó máa bá jà. Ẹ gbé iná kékeré kan sí mítà kan síwájú ìgò. Ẹ wá sún un sẹ́yìn, kó di mítà méjì. Báwo ni ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ara ìgò ṣe kù sí? Gbogbo èèyàn á ní ìdajì. Irọ́ ni! Ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù. Ẹ gbé e dé mítà mẹ́ta, ó di ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Ẹ dán an wò lálẹ́ òní, ẹ ó rí i. Ohun tó fà á nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ẹ bá sún iná mọ́ ojú èèyàn pẹ́kípẹ́kí, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ á ṣókùnkùn, bẹ́ẹ̀ ẹ ò fi nǹkan kan bò ó.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé ìgò tó mọ́ gaara fún yín, wọ́n á ní kí ẹ yà á. Háà! Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìgò kọ́ lèèyàn ń yà, ohun tó yí ìgò ká lèèyàn ń yà. Ìgò dà bí dígí. Ohun tó bá kọjú sí i ló máa ń fi hàn. Tí ẹ bá yin fíláàṣì sí i tààrà, fíláàṣì lẹ ó rí nínú fọ́tò, ìgò á ti sá lọ. Ohun tí à ń ṣe ni pé a ó tan iná sí nǹkan funfun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, a ó wá to páálí dúdú sí ọ̀tún àti òsì, níbi tí kámẹ́rà kò ti ní rí i. Dúdú yẹn ni yóò wọ etí ìgò, tí ìlà rẹ̀ á yọ kedere bí ẹni fi gègé fà á. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ṣe ìgò kan. Mò ń sún páálí ní ìwọ̀n ìka kan, ìka kan. Olùkọ́ wa á wọlé, á wò ó, á ní "tún un yà," á jáde. Inú mi kì í dùn sí bàbá yẹn rárá! Ṣùgbọ́n oníbàárà wo ló máa fún yín ní ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ máa fi ṣàṣìṣe lórí ìgò kan? Àyè àṣìṣe yẹn lẹ ń sanwó ilé ìwé fún.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Irving Penn, onífọ́tò Amẹ́ríkà nì, ẹ mọ̀ ọ́n? Kì í ṣe fọ́tò ló lọ kọ́ nílé ìwé. Iṣẹ́ ọnà ìpolówó ló kọ́ ní Philadelphia, láti 1934 sí 1938, lọ́dọ̀ olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Alexey Brodovitch. Nígbà tí fọ́tò rẹ̀ wá kọ́kọ́ jáde níwájú Vogue, ìwé ìròyìn oge, ní 1943, kò sí arẹwà kankan níbẹ̀: àpò awọ, ìbọ̀wọ́, ìborùn àti ọsàn ló tò jọ. Ẹni tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣètò ojú ìwé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀ wá jókòó lórí fọ́tò náà. Ẹ lọ jókòó sí kíláàsì àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà ìpolówó, bí wọn ò tilẹ̀ pè yín. Fọ́tò tó kún láti etí dé etí, ibo ni wọ́n fẹ́ kọ orúkọ ọjà sí?

Ó dáa. Ẹ sún mọ́ mi báyìí, torí ibi tí gbogbo yín ti ń ṣubú la dé. GBOGBO YÍN. Èmi náà ṣubú níbẹ̀.

Kíláàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní kíláàsì òwò. Kò sí iná, kò sí kámẹ́rà, ìwé àdéhùn ni wọ́n ń kà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sá fún un. Èmi ò sá. Mo sùn ni. Nígbà tí mo jáde, oníbàárà kan bẹ̀ mí níṣẹ́, fọ́tò mẹ́fà fún ìkànnì rẹ̀. Mo yà á, ó sanwó, mo fi fáìlì ránṣẹ́, a dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wa. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, mò ń kọjá lọ, mo gbójú sókè: fọ́tò mi rèé lórí pátákó, ó fẹ̀ bí ògiri ilé! Mo kọ́kọ́ yọ̀ o. Mo tiẹ̀ dúró ya fọ́tò rẹ̀. Ìgbà tí mo délé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ara mi pé, ta ló sanwó èyí? Mo wá ìwé owó tí mo kọ jáde: "Fọ́tò mẹ́fà," àti iye owó. Ó tán. Mi ò kọ ibi tí wọ́n lè lò ó, mi ò kọ ìgbà tó máa parí. Kí ni mo fẹ́ tọ́ka sí?

Ẹ gbọ́ o. Ẹ KÌ Í TA FỌ́TÒ. ÀṢẸ ÌLÒ LẸ Ń TÀ. Mo tún un sọ: kì í ṣe fọ́tò lẹ ń tà, àṣẹ láti lò ó lẹ ń tà.

Ẹ wo onílé àti ayálégbé. Àfiwé tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀. Ẹni tó gba yàrá kan fún ọdún kan, yàrá kan ló gbà, ọdún kan ló sì gbà. Kò lè jí lọ́la kó lọ kó ẹrù sí yàrá kejì, kó ní ṣebí òun ti sanwó. Tí ọdún bá pé, ẹ jọ tún un sọ. Tó bá ní òun nìkan lòun fẹ́ máa gbé gbogbo ilé, kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́, ṣé owó yàrá kan lẹ ó gbà? Ilé ṣì jẹ́ tiyín ní gbogbo ìgbà yẹn o. Bí fọ́tò náà ṣe rí nìyẹn. Ṣé ìkànnì ni wọ́n fẹ́ lò ó fún, àbí ìwé ìròyìn, àbí pátákó? Orílẹ̀-èdè wo? Títí di ìgbà wo? Ṣé àwọn nìkan ni, àbí ẹ ṣì lè fún ẹlòmíràn? Oníbàárà tó fẹ́ pátákó fún ọdún márùn-ún ní orílẹ̀-èdè mẹ́wàá kò gbọdọ̀ san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ ìkànnì fún oṣù mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ọjọ́ kan lẹ ṣe fún àwọn méjèèjì.

Torí náà, owó iṣẹ́ ọjọ́ ní ìlà tirẹ̀ nínú ìwé owó, owó ìlò ní ìlà tirẹ̀. Ìnáwó tún wà lọ́tọ̀: ọkọ̀, iná tí ẹ háyà, ẹni tó bá yín tún ojú ṣe. Ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ẹ MÁ PA WỌ́N PỌ̀!

Ṣé òfin gbè yín lẹ́yìn? Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, bẹ́ẹ̀ ni. Àdéhùn Berne, tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà, ti wà láti 1886, orílẹ̀-èdè tó lé ní 170 ló sì wà nínú rẹ̀ báyìí. Lábẹ́ rẹ̀ lónìí, ẹ̀tọ́ yín lórí fọ́tò bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí ẹ bá ti yà á, kò dìgbà tí ẹ bá lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ olówó oṣù, ọ̀gá yín ló sábà máa ń ni ín. Ẹ sì lè fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ fún ẹlòmíràn láìmọ̀. Ẹ máa ka ìwé kí ẹ tó buwọ́ lù ú, títí kan èyí tí yunifásítì fún yín lọ́jọ́ tí ẹ wọlé. Ẹ̀tọ́ ẹni tó wà nínú fọ́tò tún yàtọ̀ sí tiyín. Ọjọ́ tí ẹ ya ẹni náà ni kí ẹ gba ìwé ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí ẹ ó máa wá a kiri.

Ìyókù, kíákíá. Nígbà ìsinmi, ẹ lọ bá onífọ́tò tó ń ṣiṣẹ́ gbé iná. Bí wọ́n ṣe ń bá oníbàárà tí inú ń bí sọ̀rọ̀, kò sí nínú ìwé. Ẹ má kó ọgọ́rùn-ún fọ́tò jọ láti fi han èèyàn, ogún tó dáa ti tó, kó sì jẹ́ irú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kí wọ́n bẹ̀ yín. Ẹni tó ń fi fọ́tò ìgbéyàwó hàn, ìgbéyàwó ni wọ́n máa pè é sí. Fáìlì: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan má sí nínú ilé kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Mi ò ní bẹ̀ yín lórí ìyẹn.

Tí ẹ bá lọ yẹ yunifásítì wò, ẹ má wo bí sítúdíò ṣe ń dán. Ẹ bi wọ́n pé, aago mélòó ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀? Olùkọ́ wo ló ṣì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà? Ọdún wo ni kíláàsì òwò ń bẹ̀rẹ̀? Tí wọ́n bá ní ọdún tó gbẹ̀yìn, ẹ bi wọ́n léèrè ìdí. Ìgbà tí gbogbo ọmọ ti ń sáré àfihàn ìkẹyìn, ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àdéhùn?

Ní báyìí, ẹ ṣí fóònù yín. Ẹ mú fọ́tò kan tí ẹ ti yà. Ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀ bíi pé oníbàárà dúró níwájú yín: ta ló fẹ́ lò ó, ibo ló fẹ́ lò ó, títí di ọjọ́ wo. Ọ̀pọ̀ yín á kọ méjì àkọ́kọ́ ní wéré, ẹ ó wá máa wo ìkẹta níran. Ẹ má fi í sílẹ̀ lófìfo. Ọjọ́, oṣù, ọdún. Ẹ kọ ọ́.