Inú Ìgbà Náà ni Ẹ̀rí Wà: Kíkọ Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Nípa Tíátà fún Àwọn Ọmọdé

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òǹkọ̀wé àti ẹ̀yin òbí tí ẹ péjọ ní Abẹ́òkúta lónìí, mo kí yín. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá sọ: bí a bá fẹ́ kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ayé àtijọ́ fún ọmọdé, inú ayé àtijọ́ náà gan-an ni ẹ̀rí tí yóò tú àṣírí gbọ́dọ̀ ti jáde. Bí ọ̀nà tí a fi mú ọ̀daràn inú ìwé bá jẹ́ èyí tí a lè fi mú un lónìí láìyí ohunkóhun padà, aṣọ àtijọ́ lásán ni a gbé wọ ìtàn òde òní.

Ẹ jẹ́ ká mú ọdún 1964. Ọdún náà ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fòfin de ẹgbẹ́ tíátà Hubert Ogunde nítorí eré Yorùbá Ronú, tó bẹnu àtẹ́ lu ìṣèlú ìgbà náà, tí wọn kò sì lè ṣeré mọ́ ní gbogbo agbègbè náà títí ìjọba ológun fi gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin ọ̀hún ní 1966. Abẹ́òkúta wà lábẹ́ ìjọba yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni Ọ̀sọ́sà tí wọ́n bí Ogunde sí. Èkó, olú-ìlú ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, ni òfin náà kò dé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tó bá gbọ́ pé òṣèré lè ṣeré ní Èkó ṣùgbọ́n kò lè ṣe é ní ìlú tí wọ́n bí i yóò fẹ́ mọ ìdí, mo sì gbàgbọ́ pé ìbéèrè yẹn tó gbé odindi ìwé.

Ká ní ẹgbẹ́ mìíràn, tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá, wá ṣeré lọ́dún náà ní Gbọ̀ngàn Centenary ní Aké, tí wọ́n fi ṣe ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn Ẹ̀gbá ti tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ. Ọmọ ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, obìnrin, ni yóò jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Kò sí àsọdùn níbẹ̀ rárá, nítorí pé ìyàwó àti ọmọ Ogunde wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ìdílé sì ni eré alárìnjó, eré tí ẹgbẹ́ ń gbé kiri láti ìlú dé ìlú, ti jẹ́ kí wọ́n tó bí i. Ọmọ tó ń ká aṣọ eré lẹ́yìn aṣọ ìkélé máa ń gbọ́ ohun tí àgbà kò mọ̀ pé òun sọ sí i létí.

Kí ni yóò wá sọnù? Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé yóò sáré mú ìwé eré tí olè jí gbé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Púpọ̀ nínú eré àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ni wọn kì í kọ sílẹ̀ tán: ọ̀gá yóò la ìtàn sílẹ̀, wọn yóò fi orin dánrawò, òṣèré yóò sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ kún un. Nítorí náà, ènìyàn ni kó sọnù. Kó jẹ́ olórí akọrin, ní ọ̀sán ọjọ́ eré.

Ẹ ṣọ́ àwọn nǹkan kéékèèké, nítorí ọmọdé tó ń wá ẹ̀rí kì í fo ohunkóhun. Pọ́ùn, ṣílè àti tọ́rọ́ ni wọ́n ń ná, torí pé 1973 ni náírà dé. Ọwọ́ òsì ni mọ́tò ń gbà títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972. Kò sì sí Ìpínlẹ̀ Ògùn títí di 1976.

Akọrin yẹn ti kọ orin Yorùbá Ronú ní gbangba ọjà, ẹ̀rù ọlọ́pàá sì ń bà á. Àwọn àgbà ń wá a káàkiri Ìtòkú àti Kútọ̀. Ọmọbìnrin náà ní tirẹ̀ bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí òfin ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tó wà ní Ìbàdàn, kò dé, ó sì gba ibùdó rélùwéè Láfẹ́nwá lọ, láti lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bóyá ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ ti há ra tíkẹ́ẹ̀tì Ìdó ní Èkó lọ́jọ́ náà.