Ta Ló Ni Ìdájọ́ Nígbà Tí Dáìsì Bá Ti Balẹ̀?

Ẹ kú ìjókòó o. Kí n tó dé orí Dungeons & Dragons, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan nípa Whot. Bí mo bá ju 2 sílẹ̀ tí mo ní kí ẹ mú káàdì méjì, tí ẹ̀yin náà sì ní 2 lọ́wọ́, ṣé ẹ lè fi tiyín lé e, kí ẹni tó kàn wá mú mẹ́rin? Mo ń gbọ́ “bẹ́ẹ̀ ni” láti apá kan, mo sì ń rí àwọn tó ń mi orí ní apá kejì. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú yín. Bí wọ́n ṣe ń ta á nílé kálukú ló yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tí ìjà yìí máa ń bẹ́. Kì í bẹ́ kí wọ́n tó pín káàdì. Ìgbà tí káàdì bá ti balẹ̀, tó ku ẹyọ kan lọ́wọ́ ẹnìkan, tó ti ń rẹ́rìn-ín, ìgbà yẹn ni gbogbo ilé máa ń di adájọ́.

Ohun tí mo wá sọ lónìí nípa eré tiwa kò jìnnà sí ìyẹn.

Fún ẹni tí kò tíì jókòó síbi D&D rí: èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún ló máa ń yí tábìlì ká. Kálukú ní ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀, ẹnìkan jẹ́ jagunjagun, ẹnìkan onídán, ẹnìkan olè. Ẹnìkan tí à ń pè ní DM ló ń sọ ohun tó wà níwájú wọn, òun náà ló ń ṣe gbogbo ọ̀tá, gbogbo ọba àti gbogbo ọlọ́jà. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ohun tó lè bọ́ sí i tó sì lè má bọ́ sí i, ẹ ó ju dáìsì olójú 20, ẹ ó fi òǹkà agbára yín kún un, DM yóò sì sọ bó ṣe já sí. Bí ìtàn kan náà bá ń bá a lọ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, tó di oṣù, tó di ọdún, kàǹpéènì nìyẹn. Nínú kàǹpéènì, ìdájọ́ tí DM fi ìkánjú dá lálẹ́ òní lè padà wá jókòó tì í ní oṣù mẹ́fà sí i. Ẹni tó ń ṣe eré alẹ́ kan ṣoṣo kò mọ ìyà yẹn.

Ìjiyàn yìí, bóyá ìwé ló ni ìdájọ́ tàbí ẹni tó ń darí eré, dàgbà ju eré náà lọ. Ní 1824, ọ̀gá ológun kan nínú ẹgbẹ́ oníbọn ńlá ilẹ̀ Prussia, Georg Heinrich Rudolf von Reisswitz, tẹ òfin eré ogun tí bàbá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ jáde. Kriegsspiel ni wọ́n ń pè é, àwọn ọ̀gá ológun ni wọ́n sì fi ń kọ́. Ìhà méjèèjì kì í mọ ibi tí ara wọn wà. Rẹfirí ló dúró láàárín: ó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ti ìhín, ó ń gba ti ọ̀hún, ó ń ju dáìsì, ó sì ń wo àtẹ òǹkà kó tó mọ iye ọmọ ogun tó ṣubú. Ó dára, àmọ́ ó ń falẹ̀ bí ìgbín. Ẹni tó ti jagun gidi, tó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé àwọn ẹlẹ́ṣin kò lè gba ibẹ̀ yẹn kọjá, ṣì ní láti máa ṣí ìwé. Nígbà tó di 1876, ọ̀gágun Julius von Verdy du Vernois ní kí wọ́n gbé àtẹ tì, kí rẹfirí tó mọṣẹ́ máa fi ìrírí rẹ̀ dájọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn eléré ogun ti pín sí méjì, àwọn tó gbára lé ìwé àti àwọn tó gbára lé rẹfirí.

Ìdílé rẹfirí ló bí wa. Ní àwọn ọdún 1960, eléré ogun kan ní Amẹ́ríkà, David Wesely, rí ìwé eré ogun kan tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan, Charles Totten, kọ ní 1880. Ohun tó gbà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń ṣeré lè gbìyànjú ohunkóhun tó bá wá sí i lọ́kàn, kí rẹfirí sọ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ó fi ìyẹn ṣe eré kan ní Minnesota ní 1969, Braunstein, níbi tí kálukú ti ń ṣe èèyàn kan péré nínú ìlú dípò ọmọ ogun rẹpẹtẹ. Dave Arneson wà lára àwọn tó kópa. Arneson dá eré tirẹ̀, Blackmoor, sílẹ̀, òun àti Gary Gygax ti ìlú Lake Geneva ní Wisconsin sì tẹ D&D jáde ní 1974: ìwé pẹlẹbẹ mẹ́ta nínú páálí kan, dọ́là 10, ẹ̀dà 1,000 ní àkọ́kọ́.

Ihò pọ̀ nínú ìwé mẹ́ta yẹn! Ẹni tó bá rà á láìmọ ẹnikẹ́ni tó ti ṣe é rí kò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìjà. Kálukú wá dí ihò náà bó ṣe yé e, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìròyìn eré náà sì ya ojú ewé sọ́tọ̀ láti máa dáhùn ìbéèrè òfin. Láti ibẹ̀ lọ, ìwé ń sanra sí i. Nínú ẹ̀dà kẹta tó jáde ní 2000, òfin gídígbò nìkan tó láti mú kí DM bẹ àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má di ẹnikẹ́ni mú. Ẹ̀dà karùn-ún, ti 2014, dín ẹrù òfin kù díẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé DM ló ni ìdájọ́. Ìbéèrè kò tán.

Ẹ jẹ́ ká wo mẹ́ta nínú wọn.

Àkọ́kọ́ ni ti 20. Dáìsì yí, ó yí, 20 ló dúró lé, gbogbo tábìlì fò sókè. Ẹni tó jù ú ti sọ fún ọba pé kó bọ́ adé rẹ̀ fún òun. Ṣé ọba yóò bọ́ ọ? Nínú ìwé 2014, bí ẹ bá ń lu ọ̀tá, 20 ti bà á nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọba kì í ṣe lílu ọ̀tá. Níbẹ̀, 20 kàn jẹ́ òǹkà bíi ti yòókù. DM tó sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí dáìsì ti dúró ní ìwé lẹ́yìn, síbẹ̀ inú ẹni yẹn yóò bàjẹ́, mo sì rò pé ó tọ́ kó bàjẹ́. Kí ló dé tí wọ́n fi ní kó ju dáìsì? Ìwé kan náà sọ pé ìgbà tí a kò bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí nìkan la ń ju ú. Bí ọba kò bá ní bọ́ adé láéláé, ẹ má gbé dáìsì lé e lọ́wọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ohun tó dára jù tó lè rí ni pé kí ọba rẹ́rìn-ín, kó má pa á, ẹ sọ ọ́ kó tó jù.

Èkejì, àwọn àgbẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí eré yìí ti gbọ́ ọ. Ipele ìjà kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 6. Òfin gba èèyàn láàyè láti múra sílẹ̀ pé “bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá na ọ̀kọ̀ sí mi, èmi náà á nà án sí ẹni tó kàn”. Ọlọ́gbọ́n kan wá to 2,000 àgbẹ̀ sí ìlà, ẹsẹ̀ bàtà 5 sí ara wọn. Ọ̀kọ̀ náà rin kìlómítà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá 6, ó sáré ju ohùn lọ. “Ǹjẹ́,” ó ní, “kí wá ni ohun tó bá pàdé yóò fojú rí?” Ẹ ríi bó ṣe ṣe é? Òfin eré ló fi gbé ọ̀kọ̀ dé ìparí ìlà; nígbà tó débẹ̀ ó ju òfin eré sílẹ̀, ó gbé físíìsì. Nínú òfin, ìpalára tí ọ̀kọ̀ tí àgbẹ̀ tó kẹ́yìn bá jù ń ṣe kò ju dáìsì olójú 6 kan lọ, bíi ọ̀kọ̀ gbogbo. Ìwé DM ti 2024 tilẹ̀ wá sọ ọ́ gbangba pé òfin eré kì í ṣe físíìsì. Àwọn tó ń jábọ́ láti orí òkè náà ńkọ́? Dáìsì olójú 6 kan fún ẹsẹ̀ bàtà 10 kọ̀ọ̀kan, kò sì ní ju ogún dáìsì lọ bó ti wù kó ga tó. Jagunjagun tó ti dàgbà lè jábọ́ láti ojú ọ̀run kó dìde gbọn ara nù. Ẹni tó bá fẹ́ físíìsì fún ọ̀kọ̀ rẹ̀, kó múra láti gbà á fún ọrùn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló nira jù, nítorí pé ìwé gan-an ló ṣìnà níbẹ̀. Ìwé 2014 sọ pé ẹni tó bá fẹ́ lu ẹni tí kò ṣeé rí yóò ju dáìsì méjì, yóò mú èyí tó kéré. Idán kan sì wà tó ń jẹ́ kí èèyàn rí ohun tí kò ṣeé rí. Onídán lo idán náà, ó ń wo ọ̀tá rẹ̀ kedere báyìí, àmọ́ bí ẹ bá ka òfin ní lẹ́tà sí lẹ́tà, yóò ṣì mú dáìsì tó kéré, nítorí kò síbi tí ìwé ti sọ pé rírí i mú ìyẹn kúrò. Àwọn kan rọ̀ mọ́ lẹ́tà. Èmi kò lè ṣe é. Onídán yẹn ti ná agbára rẹ̀ nítorí pé ohun tí orúkọ idán náà wí ló gbọ́kàn lé, ohun tí gbogbo tábìlì náà sì rò nìyẹn títí ẹnìkan fi ṣí ìwé. Ìwé 2024 ti tún un ṣe: ẹni tó bá rí ọ, àǹfààní rẹ kò sí lórí rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá na ọwọ́ sókè pé “kí ni òfin wí?”, mo máa ń gbọ́ ìbéèrè mìíràn nísàlẹ̀ rẹ̀: ohun tí mo gbọ́kàn lé nígbà tí mo pinnu, ṣé ó ṣì dúró? Ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ ìdájọ́. Mo máa ń bi í ní ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀. Bí èrò rẹ̀ bá jẹ́ ohun tí olóye lè rò, tí n kò sì mọ òfin náà lórí, mo fún un, mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, eré ń lọ. A ó wá òfin náà lẹ́yìn eré. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo máa ń dá gbogbo èèyàn dúró kí n ṣí ìwé ni ìgbà tí ikú ẹ̀dá-ìtàn bá wà níbẹ̀. Ikú kò ṣeé fi ìkánjú ṣe.

Lẹ́yìn tí mo sọ èyí, ìbéèrè méjì ló wá láti àárín èrò. Ẹnìkan ní, bí mo bá wá rí i lọ́la pé ìdájọ́ mi lòdì sí ìwé ńkọ́? Mo ní kó sọ ọ́ fún wọn kí eré tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí òfin tòótọ́ sì máa ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ náà lọ. Èyí tó ti kọjá, kó fi sílẹ̀, àyàfi bí ó bá pa ẹ̀dá-ìtàn ẹnìkan. Kó jí i dìde.

Ìyá kan tó ń ṣeré pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ló béèrè èkejì: nínú ilé òun, ọmọkùnrin kan wà tó mọ ìwé ju òun lọ, kì í sì í jẹ́ kí òun sinmi. Mo ní, “Mà, ẹ gbé ìwé náà fún un. Ẹ sọ ọ́ di iṣẹ́ rẹ̀, kó máa bá yín wá ojú ewé nígbà tí ẹ bá ní kó wá a. Bó bá wá kan ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀, kí àbúrò rẹ̀ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.”