Ohun Tí Iago Kò Sọ

Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ètò lálẹ́ yìí. Òjò ń rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ọkàn mi ò sì tíì balẹ̀ láti Sátidé tí mo ti lọ wo Othello, eré orí ìtàgé tí Shakespeare kọ.

Ọjọ́ ti pẹ́ lórí eré náà. Wọ́n ṣe é níwájú Ọba James ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ààfin Whitehall ní 1604. Othello, ọ̀gágun aláwọ̀ dúdú tó ń jagun fún ìlú Venice, fẹ́ Desdemona, ọmọ sẹ́nétọ̀ kan níbẹ̀. Iago, ọmọ abẹ́ rẹ̀, ń bínú pé Cassio ló fi ṣe igbákejì, kì í ṣe òun. Ó mú kí Othello gbà pé Desdemona ń yan Cassio lálè. Kí eré tó parí, Othello ti fọwọ́ ara rẹ̀ pa ìyàwó tí kò ṣẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí mo kà á nílé ìwé, irọ́ ni mo rò pé Iago fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ó purọ́ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Cassio ń kúrò lọ́dọ̀ Desdemona, Iago kùn bí ẹni ń dá sọ̀rọ̀: “Háà, ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn.” Othello ní kí ló wí. Ó ní kò sí nǹkan, àbí… òun ò mọ̀. Ó tán. Láti ibẹ̀ lọ, Othello ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀.

Àwa náà mọ ohùn yẹn dáadáa. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jọ ń gbé yàrá kan, a jọ ń dá owó oúnjẹ. Àǹtí kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: “Ẹni tó ò ń pè lọ́rẹ̀ẹ́ yẹn, máa ṣọ́ra o. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Èmi ni mo wá ń fi èyí tó kù kún un. Bí ọ̀rẹ́ mi bá pẹ́ wọlé, mo ti ní ìtumọ̀ fún un. Bó bá rẹ́rìn-ín lórí fóònù, mo ní èmi ló ń fi rẹ́rìn-ín. Mo kó jáde. Ọdún mẹ́sàn-án rèé.

Emilia, ìyàwó Iago, ló pa mí lẹ́kún ní Sátidé. Òun ló he aṣọ ìnujú Desdemona, tó mú un fún ọkọ rẹ̀, tí Iago sì fi ṣe ẹ̀rí irọ́ lójú Othello. Desdemona bi í pé ibo laṣọ náà wà, ó ní òun ò mọ̀. Èèyàn búburú kọ́ ni Emilia! Nígbà tó rí òótọ́, ó pariwo rẹ̀ títí ọkọ rẹ̀ fi gún un pa. Àmọ́ “mi ò mọ̀” yẹn ti ṣiṣẹ́ kọjá.

Nígbà tí wọ́n mú Iago, tí Othello fẹ́ mọ ìdí, ó ní kí wọ́n má bi òun ní nǹkan kan, ohun tí wọ́n mọ̀, wọ́n ti mọ̀ ọ́n, òun ò ní lanu mọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo pe àǹtí yẹn. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ mọ̀ nípa rẹ̀ gan-an lọ́jọ́sí?” Wọ́n ní, “Èmi kẹ̀? Kí ni mo sọ?”

Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Wọn ò sọ nǹkan kan lóòótọ́.

Nọ́ńbà ọ̀rẹ́ mi ṣì wà lórí fóònù mi. Bí mo bá ti pa ẹ̀rọ yìí, màá pè é.