Àwọn Tó Ń Gbẹ́ Ibojì Ọba: Ilé, Owó, Òrìṣà àti Ìjà ní Abúlé Kan ní Íjíbítì Àtijọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn tó wá gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa sọ lọ́jọ́ Sátidé nìyí, àwọn tí ò ráàyè wá ló ní kí n kọ ọ́ síbí. Bí mo ṣe sọ ọ́ lẹ́nu náà ni mo ṣe kọ ọ́, kẹ́nikẹ́ni má fi gírámà dá mi dúró o.

Tí wọ́n bá ti dárúkọ Íjíbítì ayé àtijọ́, kí ló máa ń wá síni lọ́kàn? Pírámíìdì, Fáráò, òkú tí wọ́n fi aṣọ wé. Ẹni tó bá ń ka Bíbélì á fi Jósẹ́fù àti Mósè kún un, ó tán. Ó wá ń dà bíi pé àwọn ará ibẹ̀ ò níṣẹ́ méjì ju ikú lọ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Lójú tèmi, àwọn èèyàn yẹn gbádùn ayé débi pé wọn ò fẹ́ kó tán ni, ibojì tẹ́ ẹ̀ ń rí yẹn, ètò bí wọ́n á ṣe máa báyé lọ ni. Kẹ́ ẹ lè rí ohun tí mò ń sọ, ẹ jẹ́ ká fi Fáráò sílẹ̀ ná, ká lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbẹ́ ibojì fún un.

Abúlé kan ni wọ́n ń gbé, Deir el-Medina ni wọ́n ń pè é lónìí. Ìwọ̀-oòrùn odò Náílì ló wà, òdìkejì ìlú Luxor, láàárín òkè tí ewéko kan ò hù sí, kò sì jìnnà sí àfonífojì tí wọ́n ń sin àwọn ọba sí. Nǹkan bí 1500 ọdún kí wọ́n tó bí Jésù ni wọ́n dá a sílẹ̀, wọ́n sì gbé ibẹ̀ fún ohun tó lé ní 400 ọdún, ọmọ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá. Nígbà tó kún dáadáa, bí ilé 70 ló wà nínú ọgbà ẹ̀, ilé tóóró tóóró tó fara ti ara wọn. Tẹ́ ẹ bá wọlé láti títì, ẹ máa kọ́kọ́ bá pẹpẹ bíríkì kan nígun yàrá, ara irú pẹpẹ yẹn ni wọ́n máa ń ya Bes sí, òrìṣà aràrá tó yọ ahọ́n síta, òun ló ń ṣọ́ aboyún àti ọmọ tuntun. Yàrá kejì ló ga jù, òpó kan gbé àjà ẹ̀ ró, ibẹ̀ ni pálọ̀. Ẹ̀yìn pátápátá ni ilé ìdáná, ààrò búrẹ́dì ń bẹ níbẹ̀, ọlọ ń bẹ níbẹ̀, wọn ò bo orí ẹ̀ tán kí èéfín lè ráyè jáde. Kò sí omi lábúlé o. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń ru omi wá láti ìsàlẹ̀, ìjọba ló sì ń sanwó àwọn apọnmi. Ó tún sanwó alágbàfọ̀ fún wọn! Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ìjọba ò tíì bá mi fọ síńgílẹ́ẹ̀tì kan rí.

Báwo la ṣe mọ gbogbo èyí? Àwọn ọkùnrin abúlé yìí mọ̀wé ju ará ìlú yòókù lọ, iṣẹ́ wọn ló fà á, torí ẹni tó máa ya ọ̀rọ̀ mímọ́ sára ògiri ibojì gbọ́dọ̀ mọ lẹ́tà. Ìwé papyrus sì wọ́n, ni wọ́n bá ń kọ̀wé sórí àpáàdì àti òkúta pẹlẹbẹ. Ìwé gbèsè, ìwé ẹjọ́, ìwé ìfẹ́, lísìtì aṣọ tí wọ́n kó fún alágbàfọ̀, gbogbo ẹ̀ ló wà ńbẹ̀. Kòtò ńlá kan wà lẹ́bàá abúlé yẹn tí wọ́n gbẹ́ tó 50 mítà, omi ni wọ́n ń wá, wọn ò rí omi, ni wọ́n bá sọ ọ́ di ààtàn. Bernard Bruyère, ará Faransé tó hú abúlé náà láti 1922 títí dé 1951, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àpáàdì tó níwèé lára ló rí kó jáde níbẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Rẹ́jísítà ni, ti ọdún 40 tí Ramesses Kejì ti ń jọba. Wọ́n kọ orúkọ òṣìṣẹ́ 40 síbẹ̀, wọ́n kọ ọjọ́ tí kálukú ò wá síṣẹ́, wọ́n wá fi yíǹkì pupa kọ ìdí ẹ̀ sókè. Àkeekèé ta ẹnì kan. Ojú ń dun ẹnì kan. Òmíràn ń wé òkú ìyá ẹ̀. Àwọn kan ò wá torí pé wọ́n ń pọn ọtí bíà nílé, ìyàwó tàbí ọmọbìnrin ẹlòmíì ń ṣe nǹkan oṣù, bàbá ò wá síṣẹ́! Ọ̀gbẹ́ni kan sì wà tí wọ́n kọ sí i lórí gbangba pé ó lọ bá Khonsu mutí. Ẹ fojú inú wo akọ̀wé tó jókòó tó ń kọ ìyẹn sílẹ̀, bóyá òun náà ti ń ronú ibi tóun máa mu tiẹ̀ sí. Ọjọ́ mẹ́wàá ni ọ̀sẹ̀ wọn o, ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, wọ́n á sì sùn nínú àwọn ahéré lókè lọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ aya àtọmọ. Ọ̀wọ́ méjì ni wọ́n pín ara wọn sí, ọ̀wọ́ ọ̀tún àti ọ̀wọ́ òsì, olórí wà fún kálukú.

Owó ńkọ́? Kò sówó nígbà yẹn, oúnjẹ ni owó oṣù. Àpò àlìkámà mẹ́rin àti àpò bálì kan àbọ̀ ni òṣìṣẹ́ kan ń gbà lóṣù, àpò kan sì tó bíi lítà 76. Àlìkámà fún búrẹ́dì, bálì fún bíà. Wọ́n á tún fún wọn lẹ́ja, ẹ̀fọ́, igi ìdáná, ìkòkò. Tí wọ́n bá fẹ́ ra nǹkan lọ́wọ́ ara wọn, ìwọ̀n bàbà ni wọ́n fi ń díye lé e, deben ni wọ́n ń pe ìwọ̀n yẹn, ó tó 91 gíráàmù, àmọ́ bàbà gan-an ò ní pààrọ̀ ọwọ́, bẹ́ẹ̀dì ni wàá fi gba ewúrẹ́, tàbí aṣọ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀.

Ó wá di ọdún 29 tí Ramesses Kẹta ń jọba, ìyẹn nǹkan bí 1157 kí wọ́n tó bí Jésù, owó oṣù ò wọlé. Wọ́n dúró dúró. Nígbà tí oṣù pé ọjọ́ 18, gbogbo wọn kó irinṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n jáde kúrò lábúlé, wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn tẹ́ńpìlì Thutmose Kẹta. Akọ̀wé wọn, Amennakht, ló kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé yẹn wà ní Turin ní Ítálì. Wọ́n ní ebi àti òùngbẹ ló lé àwọn wá, kò sáṣọ, kò sí òróró ìpara, kò sẹ́ja, kò sẹ́fọ̀ọ́, kí wọ́n ránṣẹ́ sí Fáráò. Àwọn ọ̀gá ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà, wọn ò gbọ́, nígbà tó yá wọ́n tún wọ inú tẹ́ńpìlì Ramesses Kejì lọ jókòó, ìgbà yẹn ni wọ́n tó san ti oṣù tó kọjá fún wọn. Ìyanṣẹ́lódì tó lọ́jọ́ lórí jù tí àkọsílẹ̀ ẹ̀ ṣì wà láyé nìyẹn. Ó sì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, àti lẹ́ẹ̀kan sí i. Igbákejì Fáráò nínú ìjọba, To lorúkọ ẹ̀, wá fèsì pé kì í ṣe pé òun ò fẹ́ fún wọn, inú àká gan-an ló ṣófo, ohun tóun rí lòun máa fún wọn. Nígbà tí mo sọ èyí lọ́jọ́ yẹn, gbogbo yàrá ló bú sẹ́rìn-ín, mi ò mọ ohun tẹ́ ẹ rántí o.

Àwọn obìnrin wọn ńkọ́? Ẹ jẹ́ n sọ ti màmá kan, Naunakhte. Ọmọ mẹ́jọ ló bí, ó tọ́ gbogbo wọn, ó fún wọn ní nǹkan tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ilé tiwọn. Nígbà tí ọjọ́ ogbó dé, bíi 1145 kí wọ́n tó bí Jésù, àwọn kan ń tọ́jú ẹ̀, àwọn kan ò yọjú. Màmá ò rojọ́ kiri àdúgbò. Ó gbéra ó di kóòtù, ó ní obìnrin tó dá dúró lòun ní ilẹ̀ Fáráò, ọmọ tó bá tọ́jú òun lòun máa fogún fún, èyí tí ò bá tọ́jú òun kó lọ gba ti bàbá ẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn ló yọ kúrò nínú ogún tiẹ̀, ó dárúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ẹlẹ́rìí jókòó, akọ̀wé ń kọ. Ó wá ya abọ́ idẹ kan sọ́tọ̀ fún ọmọ tó ṣètọ́jú ẹ̀ jù. Ohun tó mú kó lẹ́nu ọ̀rọ̀ ni pé òfin wọn gbà kí obìnrin ní dúkìá tiẹ̀, kó pín in bó ṣe wù ú, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ọkọ. Ilẹ̀ tí obìnrin ò ti rí irú ẹ̀ gbà títí di àná báyìí pọ̀ lágbàáyé.

Ó ku ẹ̀sìn. Wọ́n ní òrìṣà ńláńlá bíi Amun àti Ptah, àmọ́ èyí tó sún mọ́ wọn jù lábúlé ni Meretseger, abo sèbé tó ń gbé orí òkè tó wà lókè orí wọn. Sèbé àti àkeekèé pọ̀ lórí òkè yẹn dáadáa, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé fi ṣeré. Wọ́n tún ń bọ Amenhotep Kìíní, ọba tó ti kú tipẹ́. Tí nǹkan bá sọnù tàbí tí wọ́n ń du ilé, wọ́n á gbé ère ọba yìí jáde léjìká, wọ́n á bi í léèrè, tó bá rìn síwájú, bẹ́ẹ̀ ni, tó bá fà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ yìí náà ló ń ru ú o, èrò tèmi ni pé ejìká wọn ti mọ olè kí òrìṣà tó sọ̀rọ̀. Ọkùnrin kan tún wà, Neferabu, ó fi orúkọ Ptah búra èké, ó ní Ptah wá jẹ́ kóun máa rí òkùnkùn lọ́sàn-án gangan, ló bá gbẹ́ ẹ sórí òkúta kí gbogbo èèyàn lè kà á.

Nípa ikú, ohun tẹ́ ẹ mọ̀ ni, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀: 70 ọjọ́ ni ètò òkú gbà, wọ́n á fa ọpọlọ gba imú jáde, wọ́n á yọ ìfun àti ẹ̀dọ̀, wọ́n á fi iyọ̀ natron gbẹ ẹran ara, ọkàn nìkan ni wọ́n á fi sílẹ̀ nínú àyà torí òun ni wọ́n máa gbé sórí òṣùwọ̀n níwájú Osiris, òrìṣà tó ń jọba lórí àwọn òkú. Ìyẹ́ Maat, ìyẹn òtítọ́, á wà lápá kejì. Tí ọkàn bá tẹ̀wọ̀n jù ú lọ, Ammit á gbé e mì, ẹranko olórí ọ̀nì, àyà kìnnìún, ìdí erinmi. Ó parí nìyẹn, kò sí ìgbà kejì.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n ń kó dání lọ. Ní 1906, Ernesto Schiaparelli rí ibojì Kha, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ kan, àti ìyàwó ẹ̀ Merit, olè ò débẹ̀ rí. Ohun tó wà níbẹ̀ ju 400 lọ: bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́, búrẹ́dì, ayò senet, abẹ ìfárí, wíìgì Merit nínú àpótí ẹ̀, àti ṣòkòtò ìdí Kha tí wọ́n ká jọ dáadáa. Ẹni tó fẹ́ràn ikú kọ́ ló ń di irú ẹrù yẹn. Àwọn òkú wọn gan-an ò sì jìnnà sí wọn. Lẹ́tà kan wà ní Leiden, ní Netherlands, tí ọkùnrin kan kọ sí Ankhiri ìyàwó ẹ̀ tó ti kú, ó ní kí lòun ṣe fún un tó fi ń da òun láàmú, ṣebí ìgbà tó ṣàìsàn òun wá dókítà fún un, ṣebí òun sunkún ẹ̀, ọdún mẹ́ta rèé tóun ń dá gbé tóun ò wọ ilé míì. Ó ń bínú, ó sì ń ṣàárò ẹ̀, ohùn méjèèjì wà nínú lẹ́tà kan ṣoṣo.

Ṣé gbogbo wọn ló wá ń bẹ̀rù òṣùwọ̀n yẹn? Rárá o. Ní ọdún 16 Ramesses Kẹsàn-án, wọ́n mú agbẹ́kùúta kan, Amenpanefer, ó jẹ́wọ́ pé àwọn fọ́ ibojì ọba Sobekemsaf, àwọn kó wúrà ara ẹ̀, àwọn dáná sun pósí. Ìpín tiẹ̀ tó 20 deben, bíi kílò 1.8. Nígbà tí ọwọ́ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ó gbé gbogbo ẹ̀ fún akọ̀wé kan, wọ́n dá a sílẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, wọ́n dá tiẹ̀ padà fún un látinú tiwọn, iṣẹ́ bá ń lọ.

Ẹnì kan béèrè ìbéèrè tí mo ti mọ̀ pé ó ń bọ̀: ṣé Íjíbítì ni àwa Yorùbá ti wá? Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìtàn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921 pé òkè Íjíbítì tàbí Nubia ni, mo bọ̀wọ̀ fún bàbá, àmọ́ èdè ò gbè wọ́n. Yorùbá wà nínú ẹbí kan náà pẹ̀lú Igbo àti Edo. Èdè Íjíbítì àtijọ́ wà lápá ibi tí Lárúbáwá, Hébérù àti Hausa wà. Nítorí náà tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹbí èdè ni, ẹ bi àwọn ará Kánò.

Bọ̀dá kan wá fi tiẹ̀ parí ẹ̀, wọ́n ní ṣé àwọn ará Íjíbítì yẹn ní ọlọ́pàá. Wọ́n ní in dáadáa, Medjay ni wọ́n ń pè wọ́n. Òṣìṣẹ́ kan, Menna, ta ìkòkò ọ̀rá kan láwìn fún olórí àwọn Medjay, Mentmose. Ọ̀gá ní bálì lòun máa fi san án. Menna pè é lẹ́jọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò rí nǹkan kan gbà, Ramesses Kẹta kú, ọmọ ẹ̀ gorí oyè, lẹ́yìn ọdún 18 Menna tún padà lọ sí kóòtù lórí ìkòkò ọ̀rá kan náà. Mentmose bá dìde, ó fi orúkọ Fáráò búra pé tóun ò bá san án kóṣù tó ń bọ̀ tó parí, kí wọ́n na òun ní 100 pàṣán, kí òun sì san án ní ìlọ́po méjì.