Orúkọ Tó Wà Lẹ́yìn Ìgò Oògùn Kòkòrò

Ẹ wo ìgò méjì tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Ọjà Ẹ̀pẹ́ níbí ni mo ti rà wọ́n. Àwọ̀ wọn yàtọ̀, orúkọ wọn yàtọ̀, owó wọn náà yàtọ̀. Àmọ́ ẹ yí ẹ̀yìn ìgò padà, kẹ́ ẹ ka lẹ́tà wínníwínní ibẹ̀: cypermethrin ló wà nínú ọ̀kan, lambda-cyhalothrin ló wà nínú èkejì. Ìdílé kan náà ni wọ́n, pyrethroid. Bí ìkíní ò bá pa kòkòrò inú tẹ̀tẹ̀ yín mọ́, tẹ́ ẹ bá sáré lọ ra èkejì, owó yín ló ṣòfò.

Iṣan ìmọ̀lára kòkòrò ní àwọn ojú ihò kéékèèké tí sodium, èròjà kan tó wà nínú iyọ̀, ń gbà wọlé. Ó yẹ kí ihò yẹn ṣí, kó sì tètè pa dé. Pyrethroid kì í jẹ́ kó pa dé. Iṣan á máa ta ṣáá, kòkòrò á gbọ̀n títí á fi kú. Kòkòrò tí ihò tirẹ̀ bá ti yí padà, kò sí ọ̀kan nínú ìdílé náà tó máa mú un dáadáa mọ́.

Ọ̀tápiàpiá ńkọ́? Dichlorvos ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ìdílé míì tó ń jẹ́ organophosphate ló ti wá. Tí iṣan bá ti jíṣẹ́ fún iṣan ẹgbẹ́ rẹ̀ tán, èròjà kan wà tó ń pa iṣẹ́ náà rẹ́ kí ara lè sinmi. Èròjà yẹn ni dichlorvos ń dè mọ́lẹ̀. Ẹran ara á máa fà, itọ́ á máa dà, èémí á há. Ohun tó ń dùn mí nìyí: èròjà yẹn gan-an wà lára èèyàn. Ọ̀nà tó gbà pa kòkòrò inú ẹ̀wà ló lè gbà pa ọmọ tó jẹ ẹ̀wà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fín oúnjẹ! Láti 2019 ni NAFDAC ti fòfin de ìgò kéékèèké rẹ̀. Ìdílé carbamate náà ń de èròjà ara yẹn mọ́lẹ̀, àmọ́ ìdè tirẹ̀ máa ń tètè tú.

Imidacloprid ńkọ́? Ìdílé neonicotinoid ló ti wá. Gbòǹgbò ń fà á, á wọ inú omi ewé, kòkòrò tó ń fa omi ewé á sì mu ún. Ẹ má fín in nígbà tí òdòdó bá yọ, nítorí kòkòrò oyin tó ń wá síbẹ̀.

Bí nọ́ńbà ìdílé bá wà lára ìgò yín, tẹ́ ẹ sì ti lo 3A (pyrethroid), 4A (neonicotinoid) ni kẹ́ ẹ wá, kì í ṣe 3A míì.

Ọ̀sà ò sì jìnnà sí oko wa. Pyrethroid díẹ̀ báyìí ń pa ẹja àti edé. Ẹ má fọ ẹ̀rọ ìfín létí omi. Omi tẹ́ ẹ fi ṣàn án, orí oko tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fín ni kẹ́ ẹ fín in sí.